Ọ́ìlì inú ẹsẹ̀ ọkọ̀: bí a ṣe fọ inú ẹsẹ̀ Lexus LX470 kan nínú àgbàlá ní Ìbàdàn

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni Lexus LX470 ọdún 2004, Tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn. Ẹ́ńjìnnì V8 lítà 4.7 tó wà nínú rẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà rí. Ẹsẹ̀ ló ń ṣe é. Bí wọ́n bá tan ọkọ̀ láàárọ̀, ìdí rẹ̀ á wà nílẹ̀, á sì pẹ́ gan-an kí ó tó gbéra. Lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, kòtò tí ọkọ̀ yìí kì í kà sí tẹ́lẹ̀ wá ń mi ẹni tó jókòó sẹ́yìn dé eegun. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì pé kí ó gòkè, pọ́ǹpù á máa kùn, iná kékeré orí dáṣíbọ́ọ̀dù á máa ṣẹ́jú, kò sì ní í dúró bọ̀rọ̀.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Èsì tí wọ́n gbà ni èyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní LX470 nílẹ̀ wa ti gbọ́: kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n fi ṣọ́kì lásán àti sípíríńgì líle rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì gé wáyà iná tó ń ṣẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n ti ń ṣírò owó rẹ̀ nígbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì yọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ná.” Wọ́n dáhùn pé kò sẹ́ni tó wo ọ́ìlì kankan. Ìdáhùn yẹn dùn mí, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń yọ ohun tó dára jù lára ọkọ̀ wọ̀nyí nìyẹn, láìtíì ṣí ìdérí ike kan wò.

Kí ẹni tí kò bá ní irú ọkọ̀ yìí lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Orúkọ tí Toyota, tó ń ṣe Lexus, fún un ni AHC (Active Height Control), ìyẹn ẹsẹ̀ tó ń yí gíga ọkọ̀ padà fúnra rẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti ní ṣọ́kì, ọ̀pá oníhò tó kún fún ọ́ìlì ló wà níbẹ̀, páìpù irin sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ bọ́ọ̀lù irin kan lára férémù. Inú bọ́ọ̀lù náà pín sí méjì: ọ́ìlì wà lápá kan, gáàsì náítírójìn tí wọ́n fún pọ̀ wà lápá kejì, awọ rọ́bà sì là wọ́n láàárín. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò tó sì gbéra, ọ́ìlì á sá wọ inú bọ́ọ̀lù, á ti awọ náà, gáàsì á fún pọ̀, lẹ́yìn náà á tún tì í padà. Gáàsì yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí ara ẹni ń rí gẹ́gẹ́ bí ìrọ̀rùn. Ihò kéékèèké tí ọ́ìlì ń gbà kọjá ló sì ń dá a dúró kí ọkọ̀ má bàa máa jó sókè-sódò. Kọ̀ǹpútà lè mú ihò wọ̀nyí fẹ̀ tàbí kí ó mú wọn há, bí ọ̀nà bá ṣe rí.

Ọkọ̀ yìí kò gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé ọ́ìlì lórí o. Iwájú ní ọ̀pá irin gígùn tó ń lọ́, ẹ̀yìn ní sípíríńgì, àwọn méjèèjì ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ nínú ẹrù náà. Ọ́ìlì ń gbé ìyókù. Ohun tó yẹ kí a fi sọ́kàn nìyí, nítorí pé bí sípíríńgì bá ti rẹ̀, ẹrù tó yẹ kó gbé á bọ́ sọ́rùn ọ́ìlì, pọ́ǹpù á máa ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀, àwọn ènìyàn á sì máa dá ọ́ìlì lẹ́bi. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta, méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ọkọ̀ ṣe ga tó. Awakọ̀ lè yan L, N tàbí H: ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Bọ́ọ̀lù karùn-ún tún wà tí kò sí lẹ́sẹ̀ táyà kankan. Ó ń tọ́jú ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ti fún sílẹ̀, kí ọkọ̀ lè tètè gbéra bí wọ́n bá pàṣẹ fún un.

Nígbà tí mo dé àgbàlá ẹ̀gbọ́n, bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ike ọ́ìlì AHC wà níbẹ̀, ìlà kéékèèké wà lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọ́ìlì tuntun máa ń mọ́ gaara. Èyí tí mo rí dúdú débi pé a kò rí ìlà tó wà lódì kejì. Mo fi igi tín-ínrín kan bọ inú rẹ̀, mo sì fi pa bébà funfun. Ó dúdú láàárín, etí rẹ̀ sì pọ́n. Pupa yẹn ni kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wá rántí pé ó ti tó ìgbà kan tí ọ́ìlì ike náà lọ sílẹ̀, tí ẹnì kan sì fi ọ́ìlì gíà pupa kún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ọ́ìlì AHC fúyẹ́ gan-an, nítorí pé ihò tó ń gbà kọjá tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ́ìlì gíà ki jù ú lọ. Bí ọ́ìlì tó ki bá ń gba ihò tí wọ́n wọ̀n fún ọ́ìlì tó fúyẹ́, ẹsẹ̀ á le, pàápàá láàárọ̀ tí ara ọkọ̀ kò tíì gbóná. Rọ́bà inú rẹ̀ pẹ̀lú, ọ́ìlì kan pàtó ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tó mọ Citroën àtijọ́, ọkọ̀ ilẹ̀ Faransé, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Citroën ló kọ́kọ́ gbé irú ẹsẹ̀ yìí jáde: ní 1954 ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wọn kan nìkan, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá 1955 tí wọ́n fi ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ DS hàn ní ìpàtẹ ọkọ̀ ní Paris, ó ti wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Paul Magès ni onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe é. DS ìbẹ̀rẹ̀ ń lo ọ́ìlì pupa, lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i sí ọ́ìlì aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní LHM. Rọ́bà ọkọ̀ ọ́ìlì pupa kò gba ti aláwọ̀ ewé, ti aláwọ̀ ewé kò sì gba pupa. Ẹni tó bá da èkejì sínú rẹ̀ ti ba rọ́bà gbogbo ẹ̀rọ náà jẹ́ nìyẹn. Láti ìgbà náà ni ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í ti í fi ọ́ìlì ẹsẹ̀ ọkọ̀ dánra wò.

Kí a tó sọ pé kí a ra ọ́ìlì, mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn bọ́ọ̀lù gáàsì ṣì wà láàyè. Kò sí ọ́ìlì tuntun tó lè jí bọ́ọ̀lù tó ti kú dìde, ìnáwó bọ́ọ̀lù mẹ́rin sì pọ̀ ju ti ọ́ìlì lọ fíìfíì. Ìdánwò kan wà tí kò gba irinṣẹ́ kankan. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí L, kí ẹ ka ìlà tí ọ́ìlì wà lára ike. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sókè dé H, kí ẹ tún un kà. Bí ọkọ̀ bá ń gòkè, ọ́ìlì ń jáde nínú ike lọ sínú ẹsẹ̀, ìlà á sì lọ sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó ṣì ní gáàsì rẹ̀ máa ń gba ọ́ìlì púpọ̀. Èyí tí gáàsì rẹ̀ ti jò lọ ti kún fún ọ́ìlì tẹ́lẹ̀, kò ní àyè fún òmíràn. Bọ́ọ̀lù tuntun máa ń fúnni ní ìyàtọ̀ bíi ìlà 14. Tó bá ti di 7 tàbí kó kéré sí i, bọ́ọ̀lù ti parí nìyẹn.

Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n fún wa ní 11. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo dúpẹ́. Ó túmọ̀ sí pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti dàgbà ṣùgbọ́n wọn kò tíì kú, àti pé ẹni tó sọ pé kí wọ́n yọ wọ́n fẹ́ ju ohun tó ṣì dára sí ààtàn. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo fi ọwọ́ nu gbogbo páìpù láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò sí ibi tó ń jò. Ìpẹtà wà níbi mélòó kan, pàápàá nítòsí táyà ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n páìpù ṣì gbẹ.

Ọ́ìlì rírà gba sùúrù. Àràrọ̀mí ní Gate ni a kọ́kọ́ lọ. Oníṣòwò kan gbé jálá aláìlórúkọ kan jáde, ó ní ojúlówó ni, wọ́n kàn dà á láti inú garawa ńlá. A dúpẹ́, a kúrò níbẹ̀. Garawa irin lítà 2.5 ni ọ́ìlì AHC ti Toyota máa ń wá nínú rẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì ni 08886-01805. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ sọ fún oníṣòwò, kì í ṣe “ọ́ìlì Lexus”, nítorí pé ọ́ìlì Lexus lè di ohunkóhun láàárín ìsọ̀ méjì. Ládípọ̀ ní Mushin ni ojúlùmọ̀ kan ti bá wa rí i, tó sì fi mọ́tò ránṣẹ́. Garawa kan sábà máa ń tó fún ìfọ̀ kan. Torí pé ọ́ìlì gíà wà nínú tiwa, tí a sì fẹ́ lé e jáde pátápátá, a ra méjì.

Ìyókù ohun tí a kó jọ kò le: sípánà 10, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lè rí inú rẹ̀, ìgò ike mélòó kan, pákó mẹ́rin tó nípọn, stand mẹ́rin, búrọ́ọ̀ṣì irin, jígí ojú, aṣọ ìnùwọ́, àti ọ́ìlì ìtú-ìpẹtà. Ẹ̀gbọ́n bá wa pe mẹkáníìkì ọ̀dọ́ kan ládùúgbò, ẹni tó ní òun kò tíì ṣe irú ẹsẹ̀ yìí rí ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ràn irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́, a fi búrọ́ọ̀ṣì nu ìdọ̀tí kúrò lára nípù gbogbo, ìyẹn ẹnu kékeré tí a ń ṣí kí ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ lè jáde, a wọ́n ọ́ìlì ìtú-ìpẹtà sí wọn, a sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nípù tó bá ṣẹ́ sínú ara ẹ̀rọ yìí á sọ iṣẹ́ òwúrọ̀ kan di ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ewu, nítorí pé mo ti rí àwọn tó fi ojú iṣẹ́ bíréékì wo iṣẹ́ yìí. Nípù rẹ̀ jọ ti bíréékì lóòótọ́, ọ̀nà tí a ń gbà tú afẹ́fẹ́ jáde sì jọra. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì inú ẹsẹ̀ LX470 wà lábẹ́ agbára tó tó MPa 7 nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní N. Ìyẹn jẹ́ bíi ìlọ́po 30 agbára afẹ́fẹ́ inú táyà. Bí ọ́ìlì bá fi irú agbára bẹ́ẹ̀ tú láti ojú ihò tín-ínrín, ó lè gún awọ ara, kó wọ inú ẹran. Ojú ọgbẹ́ á kéré, kò ní í jọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kí ẹni náà gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kó má dúró wò ó. Nítorí náà a kì í ṣí nípù ní N tàbí H. A kì í fi ìka wá ibi tí ọ́ìlì ti ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Jígí ojú kì í ṣe ẹ̀ṣọ́.

Ewu kejì ni pé ọkọ̀ á wálẹ̀. Bí a bá ti ṣí nípù, ara ọkọ̀ á sọ̀kalẹ̀ títí á fi fẹ̀yìn ti àwọn rọ́bà tó ń dá a dúró lábẹ́. Ọkọ̀ yìí wúwo, ó sì lè fún ènìyàn pa. Ohun tí a ṣe ni pé a wa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gun orí pákó, kí abẹ́ ọkọ̀ lè ga láìlo jáàkì, a fi òkúta dí táyà, a sì to stand sábẹ́ férémù ní igun mẹ́rin láìjẹ́ kí wọ́n kàn án. Iṣẹ́ stand wọ̀nyẹn ni láti gba ọkọ̀ mú bó bá wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí wà tí a kò fi gbé ọkọ̀ lé orí stand gan-an. Bí jáàkì bá gbé ara ọkọ̀ sókè nígbà tí AHC ń ṣiṣẹ́, sẹ́ńsọ̀ á sọ fún kọ̀ǹpútà pé ọkọ̀ ti ga jù, kọ̀ǹpútà á sì tú ọ́ìlì padà sínú ike títí yóò fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pààrọ̀ táyà ọkọ̀ yìí pàápàá, bọ́tìnnì OFF ti AHC ni kó kọ́kọ́ tẹ̀, kó sì pa ẹ́ńjìnnì.

Láàárọ̀, a tan ẹ́ńjìnnì, a sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sí L, a dúró títí iná fi dá ìṣẹ́jú dúró, a pa á, mo sì gba kọ́kọ́rọ́ sápò ara mi. Kọ́kọ́rọ́ kì í wà lára ọkọ̀ nígbà tí ènìyàn bá wà lábẹ́ rẹ̀. A kọ́kọ́ fi síríńjì ńlá fa ọ́ìlì dúdú inú ike jáde, a nu ìsàlẹ̀ ike mọ́, a wo àsẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ìdọ̀tí tó dì mọ́ àsẹ́ náà pọ̀ ju ohun tí mo retí. A fọ̀ ọ́, a da ọ́ìlì tuntun sínú ike dé òkè. Bí a bá ti ń ṣe ìyókù iṣẹ́ láìkọ́kọ́ ṣe èyí, ọ́ìlì dúdú náà ni à bá tún máa tì padà sínú páìpù.

Bọ́ọ̀lù iwájú lápá awakọ̀ ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ó wà lára férémù lábẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Mo fi rọ́bà sí ẹnu nípù, mo ti ẹnu rẹ̀ kejì bọ inú ìgò tí a ti da ọ́ìlì díẹ̀ sí, kí afẹ́fẹ́ má bàa gba ibẹ̀ padà wọlé. Mo dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe sábẹ́ rẹ̀, mo na ọwọ́ sí i. Nípù náà kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó dún, ó sì yí. Bíntín ni mo ṣí i. Ọ́ìlì jáde pẹ̀lú agbára, dúdú, pẹ̀lú ìlà pupa tó ń rìn nínú rẹ̀, ọkọ̀ sì rọra tẹ̀ síwájú lọ sílẹ̀ lápá yẹn. Mẹkáníìkì ọ̀dọ́ náà ń wo inú rọ́bà, ó ń pè mí sí i bí afẹ́fẹ́ bá kọjá. Nígbà tí ọ́ìlì dín kù di ẹ̀kán-ẹ̀kán, mo dí nípù. Ẹ má dúró kí ó gbẹ tán. Ó sàn kí ọ́ìlì díẹ̀ ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ju kí afẹ́fẹ́ wọlé lọ.

A ṣe èkejì iwájú bákan náà. Lẹ́yìn náà a kó ara wa kúrò lábẹ́ ọkọ̀, a tún ike kún, a tan ẹ́ńjìnnì, a pàṣẹ pé kí ó gòkè sí N. Ibí yìí ni a ti rí ìṣòro ọjọ́ náà. Pọ́ǹpù ń kùn, ọkọ̀ kò gbéra. Ìlà ọ́ìlì inú ike kò yẹ̀. Mẹkáníìkì ọ̀dọ́ náà wojú mi, ẹ̀gbọ́n náà wojú mi. Ọ́ìlì inú ike wá bẹ̀rẹ̀ sí í ru bí ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sọ̀ kalẹ̀, ìfófó bo ojú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló wà lẹ́nu pọ́ǹpù, láti ibi tí a ti fa ọ́ìlì ike jáde.

Pípa ẹ́ńjìnnì ló kù. Ẹni tó bá jẹ́ kí pọ́ǹpù yìí máa yí lórí afẹ́fẹ́ ń jó mọ́tò iná rẹ̀ ni, pọ́ǹpù sì wọ́n. A jẹ́ kí ìfófó náà rọlẹ̀ pátápátá, a fi kún ike, a ṣí nípù bọ́ọ̀lù karùn-ún díẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà lẹ́nu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà jáde. Ẹ rántí pé bọ́ọ̀lù yìí lè di agbára ọ́ìlì mú lẹ́yìn tí a ti pa ẹ́ńjìnnì, kódà tí ọkọ̀ bá ti wà ní L. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ ṣí i, kí ojú yín jìnnà. Afẹ́fẹ́ tú pẹ̀lú ìfófó funfun, ọ́ìlì sì tẹ̀lé e. A dí i, a tan ẹ́ńjìnnì, a tẹ̀ ẹ́ sókè. Ohùn pọ́ǹpù yí padà: ó wúwo, bí ẹni tó rí ẹrù gbé. Iwájú ọkọ̀ gbéra. Ẹ̀gbọ́n pariwo, “Ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀!”

Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti rọ̀. Ẹ̀yìn méjèèjì tẹ̀lé, bọ́ọ̀lù wọn wà lára férémù nítòsí táyà, ìpẹtà sì ni gbogbo wàhálà tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, a ń gbé ọkọ̀ padà sí N, a ń sọ ọ́ kalẹ̀ sí L, a ń gbé e gòkè, kí ọ́ìlì àtijọ́ tó fara pamọ́ sínú àwọn ọ̀pá ẹsẹ̀ lè jáde wá pàdé tuntun. Ohun kan tí a kò fi ṣeré ni ike: ẹnì kan dúró tì í ní gbogbo ìgbà, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju pé kí ó má jẹ́ kí ọ́ìlì lọ sílẹ̀ ju MIN lọ. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló ṣe é, wọ́n sì ṣe é bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ aláìsàn. A wá tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú garawa kejì. Nínú ìyípo yìí ni pupa ti pòórá, tí dúdú sì di àwọ̀ tíì, títí ohun tó ń gba inú rọ́bà kọjá fi mọ́ gaara. Bọ́ọ̀lù karùn-ún ni a fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní N, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, a wọn ọ́ìlì ike sí àárín MIN àti MAX. Ibẹ̀ nìkan ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ní H á fi kún un jù, ọ́ìlì á sì dà nù lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá wálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkọ̀ náà jáde nírọ̀lẹ́, mo jókòó sẹ́yìn. Ibi tí mo ń retí pé kí ẹ̀yìn mi dùn mí, kò dùn mí. Kì í ṣe pé kòtò kò sí mọ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló tún ti mọ bí a ṣe ń gbà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iwájú gbéra kíákíá. Ìyàtọ̀ ìlà láàárín L àti H ṣì jẹ́ 11, bí mo ṣe rò pé yóò rí, nítorí pé ọ́ìlì kì í fi gáàsì kún bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn gbéra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ́ra, pàápàá bí ẹrù bá wà ní búùtù.

Èyí fi ibi tí ìṣòro tó kù wà hàn wá. A wọn sípíríńgì ẹ̀yìn, ó hàn pé ó ti rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n máa ń kó ẹrù oko wá sí ìlú, ó sì ti pẹ́. Ọ́ìlì ti ń bá sípíríńgì yẹn gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, pọ́ǹpù ń kùn nítorí rẹ̀, ẹni tó wá wò ó sì rí ọkọ̀ tí kò gbéra, ó ní AHC ti kú. Sípíríńgì ẹ̀yìn méjì kò wọ́n, a kì í sì í tú páìpù ọ́ìlì kankan kí a tó pààrọ̀ wọn. Owó ọ́ìlì méjèèjì tí a rà pẹ̀lú sípíríńgì kò tó ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n láti sọ ọkọ̀ onírọ̀rùn di ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ti kú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí páìpù rẹ̀ ti jẹrà, tí kò sì rówó rẹ̀, mi ò ní í bá a jà bó bá yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ lẹ́yìn tó ti ka ìlà ike, tó sì ti wo àwọ̀ ọ́ìlì.

Ọ́ìlì dúdú tó jáde kún ìgò wa. A kò dà á sí gọ́tà. Gọ́tà àdúgbò yẹn ń lọ sínú odò tí àwọn ènìyàn ń fọ aṣọ nínú rẹ̀. A fi fún ẹni tó ń ra kọ̀ńdẹ́mù ọ́ìlì lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì. Ọ̀dọ́ tó bá wa ṣiṣẹ́ kọ ìlà 14 àti 7 sínú ìwé rẹ̀, ó ní LX470 kan wà ní ibi iṣẹ́ ọ̀gá òun tí wọ́n fẹ́ yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun fẹ́ lọ kà á kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n ti ní kí wọ́n bá wọn ra sípíríńgì ẹ̀yìn. Bí a bá ti fi í sí i, a ó so ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀, kí a ka agbára ọ́ìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí a sì yí ọ̀pá irin iwájú díẹ̀ bí ó bá fi hàn pé iwájú náà ń gbé jù.